Ògiri Tó Ń Jẹ Ewúrẹ́ ní Gárkí

Mo rántí ìgbà tí a ń jẹ ẹran ewúrẹ́ lórúkọ ògiri. Ní Gárkí ni, ní Àbújá, láyé ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣì ń kó ẹrù rẹ̀ bọ̀ láti Èkó díẹ̀díẹ̀, tí katakata ń ké láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí eruku pupa sì ń bá wa jẹun láìjẹ́ pé a pè é. Bíríkìlà ni wá, àwa ọmọ Ọ̀ṣun mélòó kan. Kármò là ń sùn, nínú ilé páànù tó máa ń gbóná bí ààrò, ọkọ̀ típà á sì wá kó wa ní kùtùkùtù. Ọ̀gá wa jẹ́ àgbà bíríkìlà kan láti ẹ̀bá Òṣogbo, ọkùnrin tó sanra, tó fẹ́ràn ẹran, tí kì í gbà kí búlọ́ọ̀kù kan yọrí ju èkejì lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kì í purọ́ rárá. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni.

Èmi ni mo kàwé jù nínú wa, ìyẹn ni pé mo dé kíláàsì kẹrin ní girama kí n tó sá kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, èmi ni ògbufọ̀ láàrin ọ̀gá mi àti ẹnjiníà òyìnbó tó ń darí iṣẹ́ náà. Ipò yìí gùn mí gan-an. Mo máa ń fi bírò sí àpò ẹ̀wù tí mo fi ń po sìmẹ́ńtì, mo sì máa ń fa ọ̀rọ̀ kúkúrú gùn, kí àwọn ẹgbẹ́ mi lè gbọ́ bí gẹ̀ẹ́sì ṣe ń jáde lẹ́nu mi. Bí ọ̀gá mi bá sọ pé "Rárá" péré, tèmi lè pẹ́ títí sìmẹ́ńtì á fi fẹ́ máa gan.

Ilé ọ́fíìsì alájà márùn-ún là ń kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ilé tí ojú wa mọ̀. Ilé àtijọ́ kan ti wà lórí ilẹ̀ náà, ilé amọ̀ tí àgbà kan nínú àwọn Gbàgyí, àwọn tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, kọ́ kí ẹnikẹ́ni tó lálàá pé olú-ìlú máa wá síbẹ̀. Ògiri iwájú rẹ̀ nípọn gan-an. Wọ́n fi ìka fa ọnà sí i lára láti òkè délẹ̀, wọ́n sì tẹ àwo tánńganran mọ́ ọn, aláwọ̀ búlúù àti funfun, tó máa ń dán yanran nígbà tí oòrùn bá yọ. Ẹnjiníà ti yà á sínú ìwé pé kí a wó gbogbo ẹ̀yìn ilé náà, kí a dá ojú rẹ̀ nìkan sí, kí ilé alájà márùn-ún dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹni tó bá ń lọ sí ọ́fíìsì sì gba ẹnu ọ̀nà àtijọ́ wọlé. A rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀gá mi ní ó dà bí ẹni tó wọ kóòtù òyìnbó, tó wá dé fìlà bàbá bàbá rẹ̀ tó ti gbó. Ta ló ń wó ìpàkọ́ tó ń dá ojú sí?

Ẹni tó ni ilé tuntun náà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Alága, kò fẹ́ ojú amọ̀ kankan. Dígí ló fẹ́ láti òkè délẹ̀. Ìyá arúgbó kan ló mú un gbà, ọmọ àgbà tó kọ́ ilé àtijọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ará àdúgbò náà lọ sí ibòmíràn, ìyá yìí jókòó sẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀, ó ní òun ò lọ, àfi bí Alága bá ṣèlérí níwájú àwọn àgbà ìlú òun pé ojú ilé náà kò ní wó. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti ń fọ́n ká, òun fúnra rẹ̀ ń lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Kwálì. Ó ní bí àwọn ọmọ-ọmọ wọn bá béèrè ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀, àwo ara ògiri yẹn ni wọn yóò nawọ́ sí, torí kò sí nǹkan mìíràn tó kù. Alága ṣèlérí. Láti ìgbà náà ni ìyá ti máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti Kwálì wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó kọjú sí ògiri, á máa ṣọ́ wa. Àwa á kí i pé "Sànnu, Kàka," bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbẹ̀, òun á dáhùn pé "Yauwa," ọ̀rọ̀ á sì tán. Ọ̀gá mi nìkan ló gbọ́ Hausa díẹ̀ nínú wa.

Wàyí o, níbi tí a ti wá, kò sẹ́ni tó ń fi ẹnu gbígbẹ kọ́lé. Ọjọ́ tí a bá ṣe ìpìlẹ̀, onílé á wá oúnjẹ. Ọjọ́ tí a bá kan òrùlé, ìkòkò á tún gbé iná. Owó iṣẹ́ ò sí nínú rẹ̀. Ohun tó ń mú ọwọ́ bíríkìlà yá ni, onílé tó bá sì gbàgbé rẹ̀ máa ń rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ òun ti ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ní ilé alájà, gbogbo ọjọ́ dẹ́kìn ni èyí máa ń wáyé, ìyẹn ọjọ́ tí a bá ń da kọnkéré sórí àjà kan kí òmíràn tó gùn ún. Ọjọ́ dẹ́kìn àkọ́kọ́ ní Gárkí, a ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, oòrùn nà wá, a ò rí àkàrà kan he. Ọ̀gá mi ránṣẹ́ sí Alága. Èsì tó padà wá ni pé, "Salary wey I dey pay una, na wetin?"

Ó dun ọ̀gá mi wọra. Ó kó wa jọ sábẹ́ igi máńgòrò, lẹ́bàá ibi tí ìyá àgbà jókòó sí, tó di ojú bí ẹni tó ń tòògbé.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fọkàn balẹ̀," ni ọ̀gá mi wí. "A máa jẹ ẹran lónìí. Ògiri yẹn ló máa rà á fún wa."

"Ògiri wo, Ọ̀gá?" ni mo bi í.

"Ògiri tí òyìnbó ń kẹ́ bí ẹyin yẹn ni. Lọ sọ fún un pé ògiri arúgbó kì í gbà kí wọ́n kọ́ ilé lé òun lẹ́yìn láìfi nǹkan sí òun lẹ́nu. Bí a ò bá fún un ní ewúrẹ́ lónìí, kí ó má sọ pé a ò wí fún òun."

Mo tún bírò mi tò, mo tọ ẹnjiníà lọ. Òyìnbó yìí fẹ́ràn àṣà ju oúnjẹ lọ. Ó nírùngbọ̀n, ojú rẹ̀ sì máa ń tàn bí ẹnikẹ́ni bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá. Mo jíṣẹ́ ọ̀gá mi fún un, mo sì fi tèmi kún un. Mo ní ewúrẹ́ náà gbọ́dọ̀ dúdú. Mo ní ìrẹsì gbọ́dọ̀ bá a rìn. Ọ̀gá mi kò dárúkọ ìrẹsì; èmi ni mo fẹ́ràn ìrẹsì. Ó béèrè bóyá ògiri náà ń mu bíà, mo ronú díẹ̀, mo ní kì í mu ún, torí pé Mùsùlùmí pọ̀ láàrin wa, ṣùgbọ́n kò kọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó bá tutù. Ẹnjiníà ṣí fìlà lórí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo la òun lóye, ó sì rán dírẹ́bà rẹ̀ lọ sọ́jà.

A jẹ ẹran lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ìyá àgbà ti wọ bọ́ọ̀sì padà sí Kwálì, a pọ́n ìka lá. Kí ọkàn òyìnbó lè balẹ̀, ọ̀gá mi bu ọbẹ̀ díẹ̀ ta sí ẹsẹ̀ ògiri, ó sì kùn yùnmùyùnmù bí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Bóyá páànù ògbólógbòó ṣeé tún lò ló ń bi ara rẹ̀ léèrè, èmi tí mo dúró tì í gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, dẹ́kìn kan, ewúrẹ́ kan. Nígbà tí ó di ẹlẹ́ẹ̀kejì, Alága yà wá wo iṣẹ́, ìkòkò sì wà lórí iná. Ó bínú, ó ní kí ni gbogbo jìbìtì yìí, ó sì ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tó fi mú itan kan látòkè délẹ̀, tó jẹ ẹ́ tán, tó nu ọwọ́, tó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Òjò ló ba nǹkan jẹ́. Nígbà tí a da dẹ́kìn kẹta tán, òjò ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a dé ibi iṣẹ́, a bá ògiri tó fì síwájú díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wo ohun tó wà nílẹ̀. Ó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Tiwa ti lanu tó èyí tí ewúrẹ́ fi lè wọ̀ ọ́. Àwo tánńganran kan ti jábọ́, ó ti fọ́ sílẹ̀.

Alága dé lọ́sàn-án. Ó wo ògiri, ó wo ẹnjiníà, ó wá wo àwa.

"Wall wey don chop all dis goat, e no fit stand?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú. Ó ní kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kí a wó o dànù, dígí lòun fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnjiníà bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní omi ibi tí a ti ń po sìmẹ́ńtì ló ń ṣàn lọ sẹ́sẹ̀ ògiri, tí òjò wá bá a pé. Bí a bá gbẹ́ ojú omi síbòmíràn, tí òun sì fi ọ̀pá irin ti ògiri lẹ́yìn, yóò dúró. Ó ní ìlérí tí wọ́n ṣe fún ìyá ńkọ́? Alága ní ìlérí kì í gbé ògiri ró.

Ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí ni ìyá àgbà ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ó lọ tààrà síbi tí àwo ti fọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àfọ́kù rẹ̀ sínú etí ìró rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ojú tì mí. Títí di ìgbà náà, eré ni mo fi gbogbo nǹkan ṣe, ògiri sì jẹ́ ògiri lásán lójú mi. Àmọ́ nígbà tí mo rí bí ó ṣe ń nu ẹrẹ̀ kúrò lára àfọ́kù náà, mo mọ̀ pé bí ògiri yìí bá wó, ìyá yìí kò ní ibì kan tó máa jókòó sí mọ́ láyé, kì báà jẹ́ abẹ́ máńgòrò.

Nígbà tí ó ṣà á tán, ó kọjú sí ọ̀gá mi, ó fi Hausa bi í pé kí ni wọ́n ní ògiri bàbá òun ń jẹ. Hausa ọ̀gá mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ ẹran.

"Akuya," ló wí, ìyẹn ewúrẹ́, pẹ̀lú ohùn kékeré.

"Kai!" Ìyá àgbà ká ọwọ́ lérí, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wéréwéré, bí ọ̀gá mi sì ṣe ń túmọ̀ èyí tó yé e fún wa ni ojú rẹ̀ ń ràn. Ìyá ní bàbá òun kì í jẹ ewúrẹ́. Ó ní èèwọ̀ ilé wọn ni. Wọn kì í so ó mọ́lẹ̀ níwájú ilé yẹn, wọn kì í sè é, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kí wọ́n da ọbẹ̀ rẹ̀ sí ẹsẹ̀ ògiri. Abájọ tí ògiri fi yẹ̀. Ta ló lè jẹ èèwọ̀ tí kò ní bì?

Ẹ gbà mí, kò sí ẹni tó yẹ kó mọ̀ ju àwa lọ pé ògiri ò lẹ́nu. Àwa la fún un lẹ́nu, àwa la sì ń jẹun fún un. Síbẹ̀, àwa la kọ́kọ́ gbà gbọ́ pé inú ń run ún. Ọmọ Yorùbá wo ló máa gbọ́ èèwọ̀ tí kò ní fò? Ọ̀gá mi wo ọwọ́ tó fi bu ọbẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ọ̀kan nínú wa sáré lọ sẹ́yìn ilé lọ bì, ẹran tó ti jẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi ẹlẹ́gẹ̀ẹ́sì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bóyá ìrẹsì mi náà wà lára ẹ̀ṣẹ̀. Ẹnjiníà ń pariwo pé omi ni, omi ni, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín.

Alága, tó gbọ́ Hausa dáadáa, sún mọ́ wa. Ó béèrè pẹ̀lú ohùn tó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ pé, "Who and who chop am?"

"Gbogbo wa, sà," ni mo dáhùn, torí pé iṣẹ́ ògbufọ̀ ni kó dáhùn ìbéèrè. "Ẹ̀yin náà, sà. Itan ni tiyín."

Ìyá àgbà gbé ojú sókè, ó wo Alága láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní ẹni tó bá jẹ ẹ́ láìmọ̀, tó sì tún ògiri náà ṣe, bàbá òun á dárí jì í. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ ẹ́, tó tún wá wó ògiri lé e… Kò parí rẹ̀. Ó kàn fi etí ìró nu ẹnu, ó sì mi orí. Mo rí i tí Alága fi ọwọ́ kan ikùn ara rẹ̀ lábẹ́ agbádá. Ó yí sí ẹnjiníà, ó ní kí ó lo gbogbo àkókò tó bá fẹ́, òun ò tíì fìgbà kan lòdì sí ohun àdáyébá. Mọ́tò rẹ̀ ò dúró kí ilẹ̀kùn tó tì dáadáa.

Ẹnjiníà gbẹ́ ojú omi tuntun, ó fi ọ̀pá irin ti ògiri. Àwa gba tiwa. Ìyá àgbà jókòó lórí àga, ó sì di ọ̀gá lórí ọ̀gá mi. Ó ní kí a wa amọ̀, kí a pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù, kí a se èèpo èso igi irú títí omi rẹ̀ á fi pọ́n, kí a fi rẹ́ ògiri. Ọ̀gá mi tó sanra yìí ká ṣòkòtò, ó ń fi ẹsẹ̀ gún amọ̀ bí ọmọdé nínú òjò, bí kò bá sì kúná tó, ìyá á lẹ òkò mọ́ ọn ní ìdí. A kò béèrè owó, a kò béèrè oúnjẹ. Ìyá ló ń béèrè. Ó ní ẹja ni bàbá òun fẹ́ràn, inú bàbá á sì tètè rọ̀ bí ẹja bá ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sán. Àwa là ń rà á. Ẹja yíyan tó tóbi ló máa ń yàn, orí rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Nígbà tí a parí, a lẹ àwo mìíràn síbi tí èkíní ti jábọ́, ògiri sì nàró bí ẹni tí kò ṣàìsàn rí.

Ọjọ́ tó fẹ́ padà sí Kwálì, ọ̀gá mi ní kí n gbé ẹrù rẹ̀ dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé èrò. Mo gbé e sókè fún un, mo ní, "Sànnu, Kàka." Ó di ọwọ́ mi mú. Ó sì fi Yorùbá tó já gaara, Yorùbá bíi ti ará Kàbà, bá mi sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé bàbá mi kì í jẹ ewúrẹ́? Ẹran tó fẹ́ràn jù láyé nìyẹn."

Mo yẹ ojú rẹ̀ wò bóyá ó ń ṣeré.

"Mo ti ta ìkòkò lọ́jà Kàbà kí wọ́n tó bí ọ. Gbogbo ohun tí ẹ sọ lábẹ́ máńgòrò ni mo gbọ́. Yorùbá yín dùn, àfi pé ẹ ń pariwo jù." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. "Ẹ fi ògiri bàbá mi jẹ ẹran. Èmi náà fi yín tún un ṣe." Bọ́ọ̀sì gbé e lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Lórí ọ̀rọ̀ tiwa, irọ́ tó dàgbà jù ú lọ ló bá a lọ́nà. Mo sáré padà lọ sọ fún ọ̀gá mi, inú mi ń dùn pé mo mú ìhìn ìdáǹdè bọ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó mi orí. "Ó ń dán wa wò ni," ló wí. "O ò mọ àgbà. Lọ po sìmẹ́ńtì." Dẹ́kìn tó kù, ẹja ló ní kí òyìnbó rà. Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, ẹran ewúrẹ́ kò kan ẹnu rẹ̀ mọ́.

Mo ṣì máa ń gba Gárkí kọjá bí ọ̀nà bá gbé mi dé Àbújá. Ilé náà wà níbẹ̀, àwọn akọ̀wé ń gba ẹnu ọ̀nà amọ̀ wọlé pẹ̀lú fóònù létí, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé wọn ìbá ti máa gba dígí wọlé bí kò bá sí ti ìyá kan tó ń tòògbé lábẹ́ igi. Mo máa ń dúró díẹ̀, mo máa ń rántí rẹ̀, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un lọ́kàn mi. Àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Lọ́dún tó kọjá, mo yà sílé ọ̀gá mi lẹ́bàá Òṣogbo lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀, tó ti hewú báyìí, ní kí wọ́n bá mi wá oúnjẹ. Ìyàwó ilé kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé béèrè bóyá kí òun fi ẹran ewúrẹ́ tí òun rà lọ́jà sè é. Gbogbo ilé kígbe lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́bí wá fi sùúrù ṣàlàyé fún un níwájú àwọn ọmọdé, ó ní nílé tiwọn, wọn kì í jẹ ewúrẹ́, èèwọ̀ ìdílé ni, láti ayé àwọn baba ńlá ló ti wà bẹ́ẹ̀. Ó yí sí mi, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n? Ẹ bá mi jẹ́rìí sí i."

Mo la ẹnu. Mo wo àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe tẹjú mọ́ mi, kékeré inú wọn tiẹ̀ ti ń sọ ọ́ fún ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ pé, "A kì í jẹ ẹ́ o." Mo ní òótọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n, ojú mi ló ṣe. Mo sì ní kí wọ́n bá mi fi ẹja sí i.